Ẹ̀yẹ ológun fún àbúrò bàbá wa tó ṣe ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÌjẹ̀bú_TX

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Àbúrò bàbá wa papò dà ní Houston lálẹ́ àná. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò lẹ́nu iṣẹ́ nínú Army, wọ́n tún wà nínú Reserve, àwọn ọmọ ogun àfikún, fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn. Ẹbí fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yẹ tó tọ́ sí ológun: àsíá, ìbọn, fèrè. Àwọn kan ní ẹni tó bá lo ogún ọdún nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn kan ní ká kúkú gbé òkú lọ sílé. Ìwé wo la nílò? Ta la máa kọ́kọ́ pè? Kí ló sì máa ń dojú rú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

ÌwéKòGbọdọ̀Sọnù

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tu ìyá àtàwọn ọmọ nínú.

Ọ̀rọ̀ ogún ọdún yẹn, ẹ gbé e tì. Láti January 1, 2000 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé, bí ẹbí bá béèrè, iléeṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun méjì, ó kéré tán, wá síbi ìsìnkú ẹni tó bá sin Amẹ́ríkà tí wọn kò sì fi àbùkù lé e kúrò. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀ka tí olóògbé ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á ká àsíá, wọ́n á gbé e lé ẹbí lọ́wọ́, fèrè Taps, orin ìdágbére àwọn ológun, á sì dún. Ẹbí kò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka "bí ẹbí bá béèrè" yẹn dáadáa. Bí ẹ ò bá béèrè, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ohun tí ogún ọdún ń yí padà kò ju iye èèyàn lọ: ẹni tó fẹ̀yìn tì nínú Army máa ń rí èèyàn mẹ́sàn-án dípò méjì.

Ìwé tí ẹ máa wá lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni DD-214. Òun ni ìwé tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kọsẹ̀ nìyí: ẹ̀dà ìwé yẹn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá kọ Member-1 síbẹ̀, ẹ̀dà kúkúrú ni, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ irú ìdásílẹ̀ tí wọ́n fún olóògbé. Member-4 ni ẹ ń wá. Orí rẹ̀ lẹ ti máa rí "Honorable" tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, òun sì làwọn tó ń ṣètò ìsìnkú fẹ́ rí.

Bí ẹ ò bá rí i nílé, National Personnel Records Center ní St. Louis ló ń tọ́jú fáìlì wọn. Fọ́ọ̀mù SF-180 lẹ máa fi béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ìsìnkú ló fà á, torí wọ́n máa ń yọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún kíákíá. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo àwọn tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ká sanwó káwọn bá wa gba DD-214, ẹ má dá wọn lóhùn. (Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá kúrò nínú Army ṣáájú ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè le díẹ̀, nítorí iná tó jó ilé tí wọ́n ń kó fáìlì sí yẹn ní July 12, 1973. Ti bàbá yín kò sí nínú ìyẹn.)

Ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ti tó fún itẹ́ òkú ìjọba náà. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lẹ́yìn September 7, 1980 gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 24 gbáko, tàbí gbogbo àkókò tí wọ́n pè é fún. Bí ó bá jẹ́ pé Reserve nìkan ni wọ́n ṣe, tó jẹ́ kìkì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀tọ́ àsíá àti fèrè lè wà bí wọ́n bá parí sáà kan tán nínú Selected Reserve, síbẹ̀ kí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ itẹ́ òkú má sí. Ẹ̀tọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀.

PósíÀtiÒdòdó

Ìwéè ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tàwa tó ń ṣe iṣẹ́ ìsìnkú kún un.

Ẹ yan ilé ìsìnkú kan lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì sọ fún wọn ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ológun ni olóògbé. Àwọn ló máa pe ọ́fíìsì tó ń pín àyè fún gbogbo itẹ́ òkú VA (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́), 800-535-1117. Wọ́n ń gbé fóònù ní Sátidé pẹ̀lú. Kí ẹ ti ní èyí lọ́wọ́: orúkọ ní kíkún, nọ́ńbà Social Security, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú, ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, bóyá pósí ni tàbí eérú òkú tí wọ́n sun, bí pósí ṣe tóbi tó. Ẹ sọ ìwọ̀n pósí yẹn ní tòótọ́. Àwọn pósí onígóòlù ńláńlá táwa Yorùbá fẹ́ràn máa ń ju ìwọ̀n tó wọ inú àpótí kọ̀ǹkéré tí wọ́n ti rì sílẹ̀, wọ́n á sì ní láti wá òmíràn.

Ní Houston National Cemetery, bíi tàwọn itẹ́ òkú VA yòókù, ilẹ̀, gbígbẹ́ àti dídí sàréè, àpótí kọ̀ǹkéré tó yí pósí ká, òkúta orí sàréè àti ìtọ́jú títí láé, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹbí máa san ni owó ilé ìsìnkú, pósí, ìkunlóògùn, ọkọ̀ àti òdòdó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àpótí kọ̀ǹkéré olówó gọbọi fún yín, ẹ rántí pé ìjọba ti pèsè tirẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu pọ̀ o. Wọn kì í sábà sìnkú lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ gbàgbé ìsìnkú Sátidé. Ẹ sin bàbá ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì, kí ìnáwó wá bọ́ sí Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kejì, kì í ṣe etí sàréè lẹ máa dúró sí. Abẹ́ ìbòrí kan ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà, láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ẹbí á wá lọ kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀. Kò sí bíbu erùpẹ̀ sórí pósí níbẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ yín lógún, ẹ béèrè ṣáájú bóyá àwọn kan lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó, kí ẹ sì padà wá sórí sàréè nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀kẹta ni aago. Ìsìnkú mìíràn wà lẹ́yìn tiyín, àwọn ọmọ ogun yẹn sì lè ní ibòmíràn tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá dá 11:00 fún yín, kí mọ́tò ti tò sẹ́nu ọ̀nà ní 10:45. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àkókò àwọn èèyàn wa ṣe rí, ẹ kọ 10:00 sínú ìwé ìpè, ẹ má sọ fún ẹnì kankan pé irọ́ ni.

Gángan_àti_Fèrè

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo ti rí i tí ẹbí ń béèrè pé kí wọ́n yin ìbọn 21. Ṣé gbogbo ológun ni wọ́n ń yìn ín fún ni?

ỌtaKòSíNínúRẹ̀

@Gángan, rárá, ìbọn 21 kọ́ nìyẹn rárá. Ìbọn 21 jẹ́ ti àgbá ńlá, ó sì wà fún ààrẹ àti àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n ń ṣe níbi ìsìnkú ni ìyìn mẹ́ta: àwọn tó wà lórí ìlà á jọ yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà mẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, 7 lọ́nà 3 á fún yín ní 21, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. Wọ́n lè jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ìyìn mẹ́ta náà ni. Ojú ogun àtijọ́ ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀: wọ́n á dá ìjà dúró láti kó òkú, ìyìn mẹ́ta ló sì ń sọ pé àwọn ti kó tiwọn tán.

Ìbọn kò sí nínú ohun tí òfin ní dandan fún olóògbé yín. Fún ẹni tí kò fẹ̀yìn tì, àwọn ológun àtijọ́ tó wà ní àdúgbò ló sábà máa ń yọ̀ǹda ara wọn, àwọn ẹgbẹ́ bíi American Legion àti VFW. Ilé ìsìnkú ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni, torí náà kí ẹ tètè sọ fún wọn. Ọta inú rẹ̀ kì í ṣe gidi, ariwo nìkan ló ń pa, àmọ́ ariwo yẹn kì í ṣe kékeré. Kí ẹ ti sọ fún àwọn ìyá àgbà àti àwọn tó gbé ọmọ ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ nínú kórófo ọta náà, ẹ sọ fún olórí wọn kí wọ́n tó yìn ín; wọ́n á ṣà á fún yín.

Lórí fèrè: afọnfèrè gidi kò pọ̀ mọ́. Láti 2003 ni wọ́n ti ń lo fèrè kan tí ẹ̀rọ wà nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ ogun á tẹ nǹkan kan, á gbé e sẹ́nu, ohùn 24 inú Taps á sì jáde látinú rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń fọn ọ́n. Kì í ṣe ẹ̀tàn, kò sì dín ẹ̀yẹ kù. Ẹni tó bá fẹ́ afọnfèrè gidi lè wá a fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ ogun ṣáájú kí ohùn méjì má baà pàdé.

Gángan náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà ìnáwó. Àwọn ọmọ ogun yẹn máa ń gbọ́ra wọn yé nípa ìṣísẹ̀ àti àṣẹ tí wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí onílù bá ń ki ẹbí lọ́wọ́ lákòókò tí wọ́n ń ká àsíá, nǹkan á dojú rú. Owó nínà sórí aṣọ ológun náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i.

ỌmọÌjẹ̀bú_TX

Ẹ ṣeun gan-an. A ti rí DD-214 kan, Member-1 ló jẹ́! Ilé ìsìnkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkejì. Ìjà mìíràn ti wá délẹ̀ báyìí: ta ló máa gba àsíá? Àwọn àgbà nílé ní dáódù ló yẹ kó gbà á. Ìyàwó ń bínú.

ÌwéKòGbọdọ̀Sọnù

Ìyàwó ni. Ìlànà VA kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: ọkọ tàbí aya tó ṣẹ́kù ló ṣáájú, àwọn ọmọ ló tẹ̀ lé e, láti orí àgbà dé orí àbúrò, kó tó kan òbí. Ìyàwó tí òfin mọ̀ ni mo ń sọ o. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó mìíràn wà nílé tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ẹbí tètè yanjú ẹ̀ kó tó di iwájú pósí.

Àsíá kan ṣoṣo ni VA ń fún olóògbé kan. Bí ó bá sọnù, bí iná bá jó o, wọn kò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù 27-2008 ni wọ́n fi ń gbà á. Ilé ìsìnkú sábà máa ń bá ẹbí gbà á, ó sì wà ní pọ́síọ́fíìsì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in nílé, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Kí dáódù má baà fọwọ́ lẹ́rán, ẹ ra àsíá mìíràn tó ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun bóyá wọ́n lè ká a, kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ìyá bá ti gba tiwọn.

Ẹ tún béèrè ìwé ẹ̀rí ìrántí tí ààrẹ máa ń buwọ́ lù. Láti ayé Kennedy, 1962, ló ti wà. Fọ́ọ̀mù 40-0247 ni. Èyí kì í ṣe ẹyọ kan: ẹ lè béèrè ti ìyá àti ti ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó máa ń pa iná ìjà.

PósíÀtiÒdòdó

Kí n fi ti bí àsíá ṣe ń wà lórí pósí kún un, torí fọ́tò máa ń tú àṣìṣe fó. Bí pósí bá wà ní títì, ibi aláwọ̀ búlúù tó ní ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi orí, lórí èjìká òsì olóògbé. Èjìká òsì olóògbé ni mo wí, kì í ṣe òsì ẹni tó dúró tó ń wò ó. Bí wọ́n bá ṣí ìdajì pósí kí àwọn èèyàn lè wojú bàbá, wọ́n á ká àsíá sí ìlọ́po mẹ́ta sórí ìdajì tó wà ní títì. Kò sí òdòdó lórí àsíá, kò sí Bíbélì, kò sí fọ́tò, kò sí aṣọ òkè. Ẹ wá tábìlì kékeré kan fún gbogbo ìyẹn. Àsíá kì í bá pósí wọlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ìgbà mẹ́tàlá ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ po, títí tó fi di onígun mẹ́ta tó jẹ́ kìkì búlúù àti ìràwọ̀. Bí pupa bá yọ létí rẹ̀, wọn kò ká a dáadáa nìyẹn, wọ́n á sì tún un ṣe. Ẹ má bá wọn kánjú.

Ọmọ_Alfáà

Ẹbí tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Wákàtí 48 ni iléeṣẹ́ ológun máa ń béèrè láti fi ṣètò, àwa sì fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ náà.

ÌwéKòGbọdọ̀Sọnù

Ìbéèrè gidi ni. Kò sí òfin tó ní ìgbà tí òkú wà nílẹ̀ nìkan ni ẹ̀yẹ lè wáyé. Ẹ kírun sí olóògbé lára, ẹ sin ín kíákíá, kí ẹ wá dá ọjọ́ mìíràn fún ìpéjọpọ̀ ìrántí nínú gbọ̀ngàn mọ́sáláṣí, ọjọ́ kẹjọ gan-an bára mu. Ibẹ̀ ni ọmọ ogun méjì á ti wá tú àsíá, ká a, kí wọ́n sì fi lé ẹbí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà ẹ yan ọ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ itẹ́ òkú VA lẹ fẹ́, ẹ béèrè lórí fóònù àkọ́kọ́ yẹn nípa ibi tí sàréè dojú kọ. Àwọn ìlà sàréè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kì í yí i padà lọ́jọ́ ìsìnkú. Arlington, itẹ́ òkú ológun tó wà ní Virginia, ni kí ẹ má tilẹ̀ dá lé. Ìlànà rẹ̀ le ju ti VA lọ, oṣù lẹ máa fi dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ológun tí kò fẹ̀yìn tì ti lè rí àyè níbẹ̀ jẹ́ ti eérú òkú, ìyẹn kò sì bá ẹ̀sìn mu.

ÌlúLaTiWá

Ẹ ò tíì dáhùn ti àwọn tó fẹ́ gbé bàbá lọ sílé.

Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yẹ kò sì ní bọ́. Ẹ ṣe é níbí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé ìsìnkú, kí pósí tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n á ká àsíá kúrò lórí pósí níbẹ̀, ìyá á sì gbé e dání wọ bàálù. Ẹ má fi sínú pósí, ẹ má sì fi sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Àsíá tí kò ní àrọ́pò nìyẹn.

Òkúta sàréè náà kò bọ́. VA máa ń fún ológun tó lẹ́tọ̀ọ́ ní òkúta fún itẹ́ òkú níbikíbi lágbàáyé, fọ́ọ̀mù 40-1330 ni. Fún ẹni tó kú láti November 1, 1990, wọ́n lè fún un kódà bí ẹbí bá ti ra tiwọn. Owó gbígbé e dúró lórí sàréè ni ẹbí máa san. Ẹ ronú lórí ìwọ̀n kó tó dé: èyí tó ń dúró lóòró gùn ní ínṣì 42, ó fẹ̀ ní 13, ó nípọn ní 4, ó sì wúwo tó páùn 230. Páànù bàbà pẹlẹbẹ 24 sí 12 kò ju páùn 18 lọ. Èmi á mú bàbà fún ọ̀nà jíjìn, kí a sì dè é mọ́ kọ̀ǹkéré dáadáa kí àwọn ajíǹkan-tà má baà hú u.

Ohun tí ẹbí pàdánù bí wọ́n bá gbé e lọ ni ilẹ̀ ọ̀fẹ́ fún bàbá, àti àyè tí ìyàwó ìbá fi sùn tì wọ́n níbẹ̀. Nítorí ìyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn sínú sàréè kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ọjọ́ tiwọn bá tó, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sórí òkúta náà. Kí ẹ bi ìyá léèrè kí àwọn àgbà nílé tó dájọ́.

ÌwéKòGbọdọ̀Sọnù

Òótọ́ ni, kí n sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ tó wà lórí DD-214 àti èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ gbé wọn síra. Orúkọ àwa Yorùbá kì í pẹ́ yí: lẹ́tà kan á já, orúkọ ìdílé á di orúkọ àkọ́kọ́, tàbí kí bàbá ti yí i padà nígbà tí wọ́n gba ìwé ọmọ onílùú. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ fi ìwé tó so méjèèjì pọ̀ sí i. Kí ẹni kan tó mọ orúkọ náà kọ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó buwọ́ lu ohun tí wọ́n máa fín sórí òkúta.

Àti pé àìjẹ́ ọmọ onílùú kò gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni tó sin ilẹ̀ náà. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ọmọ wa tó gba ètò MAVNI, tó ń gba àwọn kan tí kì í ṣe ọmọ onílùú sínú iṣẹ́ ológun, wọlé láàárín 2008 sí 2016, nígbà tí èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá.

Owó: ẹ má fọkàn sí i jù. Ẹni tí iṣẹ́ ológun bá ṣokùnfà ikú rẹ̀, VA lè san tó 2,000 dọ́là. Fún ikú lásán, owó náà kéré, kì í sì í ṣe gbogbo ológun ló kàn. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti ń gba owó ìpalára tàbí owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ VA kó tó kú. Fọ́ọ̀mù 21P-530EZ ni, ọdún méjì péré lẹ sì ní lẹ́yìn ìsìnkú láti fi béèrè fún irú ikú bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

ỌmọÌjẹ̀bú_TX

Member-4 ti wọlé! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, 11:00, Houston National Cemetery. Ìyá ló máa gba àsíá, a ti ra ìkejì fún dáódù. A ti kọ 10:00 sínú ìwé ìpè. Ẹ̀gbọ́n kan ń bọ̀ látọjà pẹ̀lú àpótí gíláàsì onígun mẹ́ta tí a fẹ́ fi àsíá sí.

PósíÀtiÒdòdó

Kó tó sanwó, kó wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àsíá pósí jẹ́ ẹsẹ̀ 5 sí 9½. Àpótí tó pọ̀ jù lórí igbá jẹ́ ti àsíá 3 sí 5 tí wọ́n ń so síwájú ilé, kò ní wọlé láé. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 25 ni kó mú. Méjì ni kó rà, ti dáódù náà wà níbẹ̀.